Àlàfo Funfun Lórí Bébà: Ta Ni Ó Ń Gbé Inú Rẹ̀?

Ní ọdún 1306, ọkùnrin ará Ṣáínà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Zheng Sixiao fi tàdáwà ya òdòdó kan sórí bébà, irú èyí tí àwọn Faransé ń pè ní orchidée. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, ó tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ sósì, bí ẹni pé atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ. Ohun kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀: ilẹ̀. Kò sí erùpẹ̀ lábẹ́ òdòdó náà, kò sí òkúta, kò sí koríko. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé, nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí tí kò fi ya ilẹ̀, ó dáhùn pé àwọn ọlọ́ṣà ti jí ilẹ̀ gbé lọ. Àwọn ọmọ ogun Mongol ni ó ń bá wí, àwọn tí wọ́n parí ìṣẹ́gun wọn lórí ìjọba Song ní 1279, ìjọba tí Zheng kà sí tirẹ̀ títí ó fi kú ní 1318. Àwòrán náà wà ní Osaka, ní ilẹ̀ Japan, lónìí. Kò tóbi. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ lè kọjá níwájú rẹ̀ láì dúró.

Kí ló kan ará Kétu nínú òdòdó ará Ṣáínà? Ohun tí ó kàn án ni pé òdìkejì àwòrán yẹn ti ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ wa yìí. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dànhọmẹ̀, ní ayé ọba Glèlè, wọ Kétu lẹ́yìn tí wọ́n ti dó tì í. Wọ́n sun ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn tí idà kò pa lọ sí ìgbèkùn. Ó di oṣù kọkànlá ọdún 1892 kí àwọn Faransé tó wọ Àgbómẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn ìgbèkùn tó bẹ̀rẹ̀ sí padà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ilẹ̀ wà níbẹ̀. Yàrà ìlú wà. Ẹnu odi Àkàbà Ìdènà wà. Àwọn tí í sọ ilẹ̀ di ìlú ni kò sí. Ará Ṣáínà ya òdòdó tí kò ní ilẹ̀. Ìtàn ya ilẹ̀ tí kò ní ènìyàn fún wa.

Lónìí, ọnà tàdáwà àtijọ́ yìí ti tún gbérí ní ọ̀nà púpọ̀. Gao Xingjian, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ ní ọdún 2000, tí ó sì ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Faransé, ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà ṣiṣẹ́ bí ó ṣe ń fi gègé kọ̀wé. Láti 1999 ni Xu Bing ti bẹ̀rẹ̀ sí ya òkè, igi àti omi tí ó jẹ́ pé àmì ìkọ̀wé ará Ṣáínà ni gbogbo wọn: ibi tí igi yẹ kí ó wà, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí igi ni yóò kọ síbẹ̀. Yang Yongliang a máa to fọ́tò ilé gogoro àti ẹ̀rọ ìkọ́lé jọ títí wọn yóò fi dà bí òkè àtijọ́ nínú ìkùukùu. Ó di ìgbà tí ènìyàn bá sún mọ́ ọn kí ó tó mọ̀ pé ìlú ńlá ni òun ń wò. Ọnà náà kò sì jìnnà sí wa mọ́. Láti 1988 ni Ilé Àṣà Ṣáínà ti wà ní Kútọnu. Láti 2009 ni Ilé-ẹ̀kọ́ Confucius ti wà ní Yunifásítì Abomey-Calavi. Kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ọmọ Kétu, ọmọ Pobè tàbí ọmọ Sakété kan bá lọ̀ tàdáwà lórí òkúta lọ́la, tí ó sì ya ojú ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí. Ìbéèrè mi nìyí: bí ó bá fi ibi púpọ̀ sílẹ̀ láìyà, gẹ́gẹ́ bí ọnà náà ṣe fẹ́, ṣé funfun yẹn mọ́? Ǹjẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti yọ ènìyàn kúrò lórí ilẹ̀ yìí, àní nínú àwòrán lásán?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ náà bí ó ti rí. Ohun tí àwa lè pè ní àwòrán ojú ilẹ̀, òkè-àti-omi ni àwọn ará Ṣáínà ń pè é ní èdè wọn, shanshui. Dúdú tí èéfín igi páìnì tàbí èéfín àtùpà ń fi sílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe tàdáwà rẹ̀. Wọ́n á kó o jọ, wọ́n á fi àtè pò ó, wọ́n á jẹ́ kí ó gan bí ọ̀pá kékeré. Ẹni tí ó fẹ́ yàwòrán á bu omi díẹ̀ sórí òkúta, á máa lọ ọ̀pá náà mọ́ ọn títí omi yóò fi dúdú tó bí ó ṣe fẹ́. Àwọn ààfáà wa kò ní rí ohun àjèjì nínú èyí: àwọn náà mọ tàdáwà àfọwọ́ṣe, wọ́n mọ gègé, wọ́n mọ wàláà tí a ń fọ̀ tí a sì ń mu omi rẹ̀. (Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé tàdáwà tí a mu ń ṣiṣẹ́ ju èyí tí a kà lọ, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Bí omi bá pọ̀, tàdáwà á rí bí eérú, bí omi bá kéré, á dúdú bí òru. Bébà náà a máa fa tàdáwà mu lójú ẹsẹ̀, kò sì sí pípa rẹ́. Ibi tí ó bá funfun, bébà ni, kì í ṣe ọ̀dà funfun. Ìkùukùu, omi, ọ̀run, ọ̀nà jíjìn: bébà tí ọwọ́ kò kàn ni gbogbo wọn.

Orúkọ yẹn, òkè-àti-omi, a máa pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀ bí mo bá ro ti ilẹ̀ wa. Òkè pẹrẹsẹ ni tiwa, ilẹ̀ pupa tí ó tẹ́ lọ títí, tí odò Wẹ̀mẹ̀ ń ṣàn ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, tí omi inú ilẹ̀ sì jìn débi pé gbígbẹ́ kànga kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Òkè ṣóńṣó kò sí, omi sì ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí yóò ya Kétu ní ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ohun tí yóò fi rọ́pò méjèèjì. Ṣé ìrókò ni? Ṣé oṣè? Ní tèmi, ọ̀yẹ́ ni n óò kọ́kọ́ wò. Eruku rẹ̀ ni ìkùukùu tiwa. Ní oṣù kìíní ọdún, òun ni í gba ọ̀pẹ tí ó wà lókèèrè lọ́wọ́ ojú wa díẹ̀díẹ̀, tí yóò fi ku òjìji, tí òjìji náà yóò sì lọ. Ayàwòrán tàdáwà kò nílò kí ó rìnrìn àjò lọ sí Ṣáínà kí ó tó mọ bí ilẹ̀ ṣe ń parẹ́ lójú ẹni.

Àwọn tí wọ́n sọ ọnà yìí di ohun ńlá kì í ṣe ọlọ́nà tí ń tajà. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n, akéwì ni wọ́n, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó fi ìdánwò wọlé. Wang Wei tí wọ́n kà sí baba ńlá wọn, akéwì ní sẹ́ńtúrì kẹjọ ni. Su Shi (1037–1101), tí ìjọba lé kúrò láàárín ìlú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, gbà pé ẹni tí ó ń fi jíjọ nìkan dá àwòrán lẹ́jọ́, ọgbọ́n ọmọdé ni ó ń lò. Àwọn àgbà ọlọ́nà Yorùbá kò ní bá a jiyàn. Nígbà tí Robert Farris Thompson ń bi àwọn ènìyàn wa léèrè, ní àwọn ọdún 1960, nípa ohun tí ó ń sọ ère di ère rere, jíjọra wà lára ohun tí wọ́n fi dá a lóhùn, ṣùgbọ́n jíjọra tí ó mọ ìwọ̀n ni: kí ère jọ ènìyàn, kí ó má sì jọ ọ́ jù. Ojú inú ni àwọn méjèèjì ń wá, ará Ṣáínà àti ará wa.

Ibi tí wọ́n ti súnmọ́ra jù lọ ni ọ̀rọ̀ àlàfo yìí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni àwòrán àwọn ọ̀mọ̀wé Ṣáínà. Ẹ̀ka igi mẹ́ta dípò igbó, ila kan dípò etí odò. Ṣùgbọ́n bí a bá ń pa òwe yìí, apá àkọ́kọ́ ni a sábà máa ń gbádùn, nítorí ó ń yin ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ wà nínú apá kejì. Òwe náà kò sọ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ń dá di odidi fúnra rẹ̀. Inú ẹnìkan ni ó ti ń di odidi. Bí kò bá sí inú tí yóò dé, ààbọ̀ ni yóò wà títí, tí ẹni tí ó ń gbọ́ ọ yóò sì rò pé kò sí nǹkan mìíràn láti sọ.

Ẹ wo Ni Zan (1301–1374). Ní 1372, ó ya àwòrán kan tí ó sọ lórúkọ yàrá kan, Rongxi. Ó wà ní Taipei báyìí. Igi díẹ̀ ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àtíbàbà kan tí kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, omi gbalasa tí kò ní ila kan, òkè rírẹlẹ̀ sì wà lókè pátápátá. Ni Zan ti pín ọrọ̀ rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, ó sì ti lo ọdún púpọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tí ogun àti owó orí ń fọ́ agbègbè rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n wo àtíbàbà òfìfo yẹn ti gbé ìgbà kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Kò yẹ kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún wọn ìdí tí kò fi sí ẹni tí ó jókòó síbẹ̀. Inú wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti di odidi.

Àmọ́ kí a má sọ Ni Zan di ẹni mímọ́. Ọmọ olówó ni, ìtàn sì sọ pé ìmọ́tótó rẹ̀ le débi pé ó ní kí àwọn ìránṣẹ́ máa fọ igi tí ó wà ní àgbàlá òun. Àwọn ìránṣẹ́ wọ̀nyẹn náà kò sí nínú àwòrán rẹ̀, kò sì dá mi lójú pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣàárò wọn.

Oríṣi funfun méjì ni ó wà nígbà náà, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn. Ọ̀kan ni funfun ẹni tí ó mọ ohun tí òun fi sílẹ̀, tí ó sì ń dùn ún. Èkejì ni funfun ẹni tí kò rí nǹkan kan níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwa ará ilẹ̀ yìí mọ èkejì dáadáa. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889, àwọn aṣojú Faransé àti àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan tí ó fa ààlà láti ìhà òkun lọ sí àríwá. Àwòrán ilẹ̀ ni àwọn náà ń yà. Tàdáwà ni wọ́n fi yà á, bébà funfun ni wọ́n yà á sí. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ, tí ó jẹ́ ti Kétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo ọdún náà lẹ́ẹ̀kan sí i: 1889. Kétu ṣì wà ní àlàpà. Àwọn tí ó yẹ kí a bi léèrè wà ní ìgbèkùn, tàbí kí wọ́n fọ́n ká. Wọ́n pín ilẹ̀ nígbà tí onílẹ̀ kò sí nílé. Àwọn tí ó fa ila yẹn kò kórìíra ará Kétu kankan. Wọn kò mọ̀ wọ́n ni. Lójú wọn, funfun tí ó wà lọ́tùn-ún ila àti èyí tí ó wà lósì rẹ̀, bébà ni.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn nípa àwòrán tí ọ̀dọ́ wa yóò yà. Bí ó bá ya ilẹ̀ Kétu pẹ̀lú ìrókò kan àti ọ̀yẹ́, tí wọ́n sì gbé e kọ́ sí ògiri hótẹ́ẹ̀lì ní Kútọnu tàbí sí ilé ẹnìkan ní Paris, ta ni yóò parí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ náà? Ẹni tí ó rà á yóò rí ìdákẹ́jẹ́ Áfíríkà, ilẹ̀ tí ó ṣófo, tí ó tutù, tí kò ní oníwà. Ó lè ràn án lọ́wọ́ láti sùn. Funfun tí ayàwòrán fi ìbànújẹ́ fi sílẹ̀ yóò jọ funfun ti 1889 bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n.

Ẹ sì tún wò ó pé ọnà tiwa kò fẹ́ràn àlàfo. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001, tí wọ́n sì kọ sínú àkójọ ogún gbogbo ayé ní 2008 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò, Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn ti ní ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ranti bí orí igi rẹ̀ ṣe rí. Nísàlẹ̀, ojú ènìyàn tí ó tutù, ẹnu rẹ̀ pa dé, ìpéǹpéjú rẹ̀ wúwo. Lókè orí yẹn ni ayé ti ń bẹ́: ejò ń bá ẹyẹ jà, ọdẹ ń lépa ẹran, obìnrin gbé igbá ọjà, ọkùnrin gun alùpùpù. Kò sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ bí igi bá ṣì kù. Lóru, Ẹ̀fẹ̀ a sì jáde láti kọ ohun tí ìlú ti ṣe láti ọdún tí ó kọjá lórin, tí àwọn tí ọ̀rọ̀ bá yóò máa wo ilẹ̀. Ọmọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ tí ó bá ya ilẹ̀ tí kò ní ènìyàn, kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì àjèjì nìkan ni ó yá. Ó ti yí ojú kúrò níbi kíkún tí wọ́n bí i sí. Èmi kò pe èyí ní ẹ̀ṣẹ̀. Ojú tútù tí ó wà nísàlẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tiwa náà ni; a lè sọ pé ayàwòrán tàdáwà gbé ẹrù òkè kúrò, ó fi ojú náà sílẹ̀ nìkan. Síbẹ̀, nítorí ẹrù yẹn ni wọ́n ṣe gbẹ́ ojú náà kí ó balẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àtakò kan wà tí kò kéré. Ṣé gbogbo igi tí ọmọ Kétu bá yà ni yóò máa ru ẹrù 1886? Bí ọmọ Paris bá ya igi, igi ni. Bí ọmọ tiwa bá yà á, a ní kí ó ròyìn ogun. Irú ìgbèkùn mìíràn nìyẹn. Gao Xingjian mọ ọ̀rọ̀ yìí ju wa lọ. Ní àkókò Ìyípadà Àṣà ní Ṣáínà, ó dáná sun àwọn ìwé tí ó ti kọ kí wọ́n má baà bá wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1987 ó kúrò nílé, ó sì dúró ní Faransé. Láti ìgbà náà ni ó ti dúró lórí rẹ̀ pé ọnà kò gbọdọ̀ jẹ́ ìránṣẹ́ ìjọba tàbí ti ẹgbẹ́ kankan. Mo gbà. Kí ọba má pàṣẹ fún ayàwòrán, kí mínísítà má pàṣẹ fún un, kí ẹgbẹ́ wa yìí náà má ṣe é. Bí ọ̀pẹ bá wù ú ní àárọ̀ kùtùkùtù nítorí pé ó lẹ́wà, kí ó yà á, kí ó lọ jẹun.

Ohun tí mo ń sọ kì í ṣe ti àṣẹ, ti yíyá ni. Àlàfo inú àwòrán Ni Zan kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ìgbà kan ni ó bí i, àwọn tí wọ́n pàdánù ilé àti ìjọba ni wọ́n fi ọwọ́ wọn dán an títí ó fi ń dán. Ẹni tí ó bá yá aṣọ ọ̀fọ̀ wọ̀ nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ bá a mu, kí ó má bínú bí wọ́n bá ń bi í lójú ọ̀nà pé ta ni ó kú. Ó lè dáhùn pé kò sí ẹni tí ó kú. Ṣùgbọ́n ní Kétu, ìdáhùn yẹn kì í ṣe òtítọ́.

Àwọn kan ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa, kò sì jìnnà. Obiora Udechukwu, ọmọ Igbo tí wọ́n bí ní 1946, mú ila uli tí àwọn obìnrin ń yà sára ènìyàn àti sára ògiri, ó fi gègé àti tàdáwà gbé e sórí bébà pẹ̀lú funfun gbalasa. Àwọn tí ó ti kọ̀wé lórí iṣẹ́ rẹ̀ a máa mẹ́nu kan àwòrán tàdáwà Ṣáínà pẹ̀lú. Akéwì ni òun náà bí àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́: ní 1990 ni ìwé ewì rẹ̀, What the Madman Said, jáde. Ṣùgbọ́n ogun Biafra ṣojú rẹ̀, kì í sì í yọ ènìyàn kúrò nínú funfun rẹ̀. Tálákà wà níbẹ̀, ẹni tí ogun lé kúrò nílé wà níbẹ̀, nínú ila díẹ̀ tí kò tó nǹkan. Tayo Adenaike, ọmọ Ìdànrè, ìlú àárín àpáta, kẹ́kọ̀ọ́ ní Nsukka kan náà, ó sì sọ ọ̀dà olómi di ohun èlò tirẹ̀. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì wà lára ti ayàwòrán méje tí Smithsonian ṣe àfihàn rẹ̀ ní Washington ní 1997. Ní Ifẹ̀, ẹgbẹ́ Ọ̀nà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989 gba ọ̀nà mìíràn. Moyo Okediji padà sí erùpẹ̀ aláwọ̀, ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tí ń kun ojúbọ. Ilẹ̀ pupa wa náà lè di ọ̀dà. N kò tíì rí ìdí tí a kò fi lè lò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàdáwà.

Ohun kan sì wà nínú ọnà àwọn ọ̀mọ̀wé Ṣáínà tí àwọn tí ń yá a lóde òní sábà máa ń gbàgbé: funfun náà kì í dá wà. Ayàwòrán á kọ ewì tàbí gbólóhùn mélòó kan sínú rẹ̀, á tẹ èdìdì pupa rẹ̀ sí i. Ọ̀rẹ́ tí ó gbà á á kọ tirẹ̀. Ẹni tí ó jogún rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà á fi kún un. (Ọba Qianlong, ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, tẹ èdìdì sára àwòrán àtijọ́ débi pé òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ibi mí mọ́, ọba kì í mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́.) Níbẹ̀ ni ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ti ń di odidi lójú gbogbo ènìyàn, tí a sì mọ inú ẹni tí ó dé. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ọ̀dọ́ wa lè fi àlàfo sílẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ bí ẹni tí ó fi àga sílẹ̀ fún àlejò, kí ó sì kọ nǹkan sí i.

Kí ni yóò kọ? Kì í ṣe ìtàn ogun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Parrinder ti kọ ìtàn Kétu sínú ìwé ní 1956, kí á tó sọ ti àwọn tí ń sọ ọ́ lẹ́nu ṣáájú rẹ̀. Orúkọ tó. Kétu ní oyè Bàbá Ẹlẹ́gùn, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ka àwọn ọba Kétu ní ẹsẹẹsẹ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ọba tuntun jẹ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí fífo orúkọ kan túmọ̀ sí. Orúkọ agboolé kan tí a kọ ní kékeré sí igun funfun, ó ti tó láti sọ fún ẹni tí ń wò ó pé kì í ṣe ilẹ̀ aláìní-oníwà ni ó wà níwájú rẹ̀.

Èdè wo ni yóò fi kọ ọ́? Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹgbẹ́ wa gan-an, nítorí èdè méjì ni ìwé ìròyìn wa ń sọ. Lórí àwòrán ilẹ̀ ti ìjọba, Kétou, Idigny àti Adakplamè ni a ń kà, bí etí Faransé ṣe gbọ́ wọn tàbí bí ó ṣe rọrùn fún ọwọ́ akọ̀wé wọn. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò fẹ́ kí Yorùbá àti Faransé jọ wà lórí bébà náà, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣìnà. Ní tèmi, Yorùbá nìkan ni kí ó wà lórí àwòrán, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé. Kí Faransé wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí a kọ̀wé sí lórí àwòrán ni a pè ní ọmọlúàbí inú òwe yẹn. Ṣùgbọ́n n kò lè díbọ́n pé èyí kò ní ìṣòro. Faransé ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa láti ọjọ́ kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ń sọ Yorùbá lẹ́nu, wọn kò lè kà á. Bí ọmọ Kétu bá dúró níwájú orúkọ agboolé baba ńlá rẹ̀, tí kò sì lè kà á, nígbà náà àlàfo méjì ni ó wà nínú àwòrán náà, ayàwòrán kò sì ní ọwọ́ nínú èkejì.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Àkàbà Ìdènà ni n óò ní kí ó kọ́kọ́ yà. Kò sí òkè níbẹ̀ tàbí omi. Ògiri erùpẹ̀ ni, ilẹ̀kùn, àti òkùnkùn inú ẹnu ọ̀nà. Kí ó tó fi búrọ́ọ̀ṣì kan tàdáwà, ó ní láti ti pinnu ibi tí bébà yóò ti funfun: bóyá ẹ̀yìn ẹnu ọ̀nà ni, níbi tí ìlú wà, tàbí iwájú rẹ̀, ní ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn ènìyàn lọ tí àwọn mìíràn sì gbà padà. Kò lè fi ìpinnu yẹn sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn, nítorí ibi tí tàdáwà bá ti dé kò ní funfun mọ́.